Má Mú Wọn Gun Òkúta Lọ́sàn-án

Savè, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé

Àkànní ọmọ mi, ọkọ mi kékeré,

Bí mo bá wà nínú ìjọ rẹ ní Boni, "ẹ̀yin pásítọ̀" ni n ó máa pè ọ́, n ó sì kúnlẹ̀ gba àdúrà bí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n inú lẹ́tà la wà yìí, èmi ni mo sì bí ọ. "Ìwọ" ni n ó máa pè ọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Bí kò bá dùn mọ́ ọ, fara dà á.

O pè mí lánàá. O ní oṣù kẹta rèé tí wọ́n gbé ọ lọ sí Boni, òjò kò tíì rọ̀, ooru sì ń mú débi pé àwọn ọmọdé kò lè sùn nínú ilé mọ́. O ní Bàbá Ìjọ, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn àgbà ìjọ rẹ, ti pàṣẹ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láìjẹ, láìmu. Lọ́jọ́ kẹta, Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo ìjọ yóò gun òkúta ńlá ẹ̀yìn abúlé lọ́sàn-án gangan, láìwọ bàtà, láti tọrọ òjò. Ìwọ pásítọ̀ tuntun lo máa ṣíwájú, ìyàwó rẹ á sì tẹ̀ lé ọ pẹ̀lú oyún oṣù márùn-ún. Bí o bá kọ̀, wọn yóò kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ìjọ pé pásítọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn kò nígbàgbọ́.

Lẹ́yìn náà lo sọ ẹ̀rí tí Bàbá Ìjọ fi ń kì wọ́n láyà. Ó ní nígbà kan, ní Savè níbí, obìnrin kan kú sórí òkúta níbi tó ti ń gbàdúrà, nínú ẹ̀mí, pẹ̀lú èdè àjèjì lẹ́nu rẹ̀, òjò sì rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. O bi mí pé, "Ìyá, ṣé ẹ mọ obìnrin náà?" Lẹ́yìn ìyẹn o kò gbọ́ ohùn mi mọ́. O rò pé ìlà ló já. Kò já, ọmọ mi. Èmi ni mo pa fóònù.

Mo mọ̀ ọ́n. Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó kéré sí mi lọ́dún méjì, èmi ni mo sì mú un gun òkúta náà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Mo mú ìwé káyé kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ kò tíì fi lọ sí iléèwé, mo jókòó, mo ń kọ ọ́. Bí ìwé náà bá lómi lójú kan, òógùn ni. Níbòmíràn, kì í ṣe òógùn.

Kí n tó sọ ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìyá rẹ kò mọ bí ooru ṣe ń mú. Àgbẹ̀ ni mí. Irúgbìn iṣu tí mo rì sínú ebè ń jẹrà kó tó hù, nítorí ilẹ̀ gbóná ju ohun tí iṣu lè gbà. Òdòdó kajú dúdú, ó sì rẹ̀ sílẹ̀ kó tó so. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ooru mọ ààyè rẹ̀: ó ń wá lọ́sàn-án, ó ń lọ nírọ̀lẹ́, atẹ́gùn á sì fẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òkè. Nísinsìnyí àwọn òkè fúnra wọn kì í tutù títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Mẹ́tìrì, olùkọ́ iléèwé tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ní ojú ọjọ́ ayé ló ń yí padà. Ó ní èéfín ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ àwọn ìlú ńlá tó jìnnà sí wa ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n igbó tí àwa náà ń dáná sun, tí a sì ń gé ṣe èédú, kò jẹ́ kó dẹ̀ fún wa. Mo gbà á gbọ́. Ohun tí n kò gbà ni kí ẹnìkan dìde nínú aṣọ funfun kó sọ fún mi pé òpin ayé ló dé, ká káwọ́ lẹ́rán ká máa wò ó. Tàbí pé ẹ̀ṣẹ̀ àwa tálákà ló fà á, ká lọ fìyà jẹ ara wa kí Ọlọ́run lè ṣàánú. Mo kọ̀ ọ́. Lórúkọ Ọlọ́run kan náà tí wọ́n ń pè ni mo fi kọ̀ ọ́.

Ó dáa. Gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, a kò tíì bí ọ. Èmi ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà obìnrin. Ohùn mi ròkè, orúkọ mi sì ń dùn mọ́ mi létí. Ọ̀dá dá lọ́dún náà. Mo dìde nínú ìjọ, mo ní mo rí ìran pé kí a gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, kí a sì gun òkúta lọ́sàn-án. Àkànní, n kò rí ìran kankan. Ìjọ kejì tó wà nítòsí wa ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ méjì. Mo fẹ́ kí tiwa ju tiwọn lọ. Ohun tó wà nídìí ìran mi nìyẹn.

Bàbá àgbàlagbà kan ń gbé nísàlẹ̀ òkúta náà. Ìdílé rẹ̀ ló ń tọ́jú òkè yẹn láti ayébáyé, Bàbá Olókè la sì ń pè é. Ó bá wa lójú ọ̀nà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, níbo lẹ forí lé nínú oòrùn yìí?"

Mo ní, "À ń lọ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ni òkè, a kì í gùn ún lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdájí la ń gùn ún, omi la sì ń gbé lọ́wọ́. Lọ́sàn-án, òkúta yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni."

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní abọ̀rìṣà ló ń bẹ̀rù òkúta, àwa ọmọ Ọlọ́run kì í bẹ̀rù. Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìkòkò omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà bàbá ló ń wò.

Òkúta náà jó wa lẹ́sẹ̀. A ń kọrin, a ń pàtẹ́wọ́, à ń fò láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, a sì pe ìyẹn ní ijó. Ìbídùn fà mí láṣọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀ lọ mumi." Mo ní àdúrà kù díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó tún fà mí láṣọ: "Omi, ẹ̀gbọ́n. Ìwọ̀nba díẹ̀ ti tó mi." Mo já aṣọ mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó má jẹ̀ẹ́ kí èṣù lò ó láti ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́.

Kò bèèrè mọ́. Òógùn gbẹ lára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró déédéé mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo ṣe? Mo pariwo pé, "Ẹ̀mí ti bà lé e! Ẹ yin Olúwa!" A yí i ká, à ń jó, à ń ké Halelúyà. Ọ̀rẹ́ mi ń kú lọ lójú mi, mo ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Bàbá Olókè ló gbé ìkòkò rẹ̀ gun òkè wá. Ó ti àwa tí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó da omi sí Ìbídùn lórí, ó ń pè é ní ọmọ mi, ọmọ mi. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó fi ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹfà. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìjọ ní ẹbọ Ìbídùn ti gòkè, kí n wá jẹ́rìí. Mo dìde, mo jẹ́rìí. Èdè àjèjì tí Bàbá Ìjọ rẹ ń sọ yẹn, ẹnu mi ló ti jáde. N kò sọ pé ó bèèrè omi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ náà. Bàbá rẹ kú láìmọ̀. Òjò yẹn ì bá rọ̀ náà bí a bá mu omi, bí a bá jókòó sílé tí à ń jẹ iṣu sísun.

Ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn tó, ọkọ mi. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni n ó kó fún ọ báyìí.

Ìkínní: kọ̀. Má ní o máa rò ó. Má ní o máa gbàdúrà sí i. Má sì ṣe bíi ti àwọn pásítọ̀ kan tí inú máa ń run lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le. Dìde dúró, kí o sọ pé, "N kò ní mú ẹnikẹ́ni gun òkúta láìmumi." Bí wọ́n bá kọ̀wé, kí wọ́n kọ̀wé. Bí wọ́n bá lé ọ, ilé wà, ọkọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò bí ọmọ nítorí ìwé ìyànsípò.

Ìkejì: ẹni tó bá bèèrè omi níwájú rẹ, fún un kó o tó bi í ní ohunkóhun. Bí ààwẹ̀ bá bàjẹ́ nítorí ife omi kan, kó bàjẹ́ sórí mi. Ìwọ lo lọ kọ́ Ìwé Mímọ́, ìwọ wá ẹsẹ tó bá ìyẹn mu. Mo mọ̀ pé o kò ní wá a pẹ́. Ẹni tí kò bèèrè ńkọ́? Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Máa wo ojú wọn. Bí òógùn bá dá lára ẹnìkan nínú oòrùn, tí ara rẹ̀ gbóná tó sì gbẹ, tó ń sọ ìsọkúsọ, gbé e sí ibòji. Tú aṣọ rẹ̀, da omi sí i lára, máa fẹ́ ẹ, kí ẹnìkan sì sáré pe nọ́ọ̀sì. Halelúyà lè dúró títí ara rẹ̀ á fi yá.

Ìkẹta: lọ kí Lèmọ́mù Boni. Dákun má ṣe bíi tèmi, tí mo fẹ́ kí tiwa ju tiwọn lọ. Ooru tó ń pa ọmọ ìjọ rẹ kì í béèrè bóyá ènìyàn ń kírun. Nígbà tí ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí bọ́ sínú ooru, Lèmọ́mù àdúgbò wa dìde lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní aláìsàn, aboyún àti àwọn arúgbó tí ara wọn kò gbé e, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n mumi, Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún wọn. Bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún kọ̀, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ bu omi, ó dúró tì í. Ó ní, "Alájì, Ọlọ́run ti ní kí ẹ mu ún. Ta lẹ wá fẹ́ fi hàn?" Ẹ̀gbẹ́ ọgbà mọ́sáláṣí ni mo wà tí mo ti gbọ́ ọ, mo ń ṣa kajú jọ. Ta ni èmi fẹ́ fi hàn nígbà náà?

Bí o bá ti kúrò lọ́dọ̀ Lèmọ́mù, kọjá sọ́dọ̀ ìdílé tó ń tọ́jú òkúta ti Boni. Má bẹ̀rù pé wọ́n á ní pásítọ̀ ń bọ òkè. Béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tí omi ń pẹ́ sí nínú àpáta, àti ìgbà tí àwọn bàbá wọn máa ń gùn ún. Ọgbọ́n kì í ṣe ti ìjọ kan. Bí mo bá mọ èyí ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, Ìbídùn ì bá wà láàyè gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀.

N kò rántí iye tí mo kà dé mọ́. Máa bá mi kà á. Yí àkókò ìsìn padà. Kí ló dé tí ẹ fi ń dúró di ìgbà tí páànù bá gbóná tán kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ pàdé ní ìdájí, kí ẹ ti túká kí oòrùn tó mú. Ẹ sin òkú láàárọ̀. Kóòtù dúdú tí o wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọ́ joyè yẹn, bọ́ ọ, fi í kọ́. O jọ ẹni tí wọ́n fẹ́ sè. Ẹ ta àtíbàbà síwájú ilé ìjọsìn, kí ẹ sì gbin igi yí i ká nígbà tí òjò bá dé, igi tí ẹ máa bomi rin, kì í ṣe èyí tí ẹ máa gbàdúrà lé lórí kí ẹ sì gbàgbé. Kí o sì wàásù sí iná tí wọ́n ń sọ sínú igbó. Wọn kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Wàásù síbẹ̀.

Nípa ti Bàbá Ìjọ: má bú u. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ọkùnrin náà kò burú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ìwọ lo sọ pé ebè rẹ̀ ti gbẹ tán, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti ń di ẹrù lọ sí Kútọnu. Ẹni tẹ́rù bà máa ń wá ohun tó le ṣe, kó má baà dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Fún un níṣẹ́ tó le. Sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́ta ààwẹ̀ náà kò yẹ̀: kí ó kó ọ̀dọ́ ìjọ jáde ní ìdájí, pẹ̀lú àwọn ọmọ Lèmọ́mù, kí wọ́n máa lọ láti oko opó kan dé òmíràn, kí wọ́n fi koríko gbígbẹ bo ebè wọn lórí kí ilẹ̀ lè tutù. Kí wọ́n gbé ìkòkò omi sí ẹ̀bá ọ̀nà oko. Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n mumi, kí wọ́n sì gbàdúrà òjò nísàlẹ̀ òkúta kí oòrùn tó yọ. Èmi náà gbàgbọ́ nínú àdúrà òjò, má ṣì mí gbọ́. N kò kàn gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń fẹ́ ẹ̀mí ènìyàn ṣe pàṣípààrọ̀ fún un.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo lọ sọ́dọ̀ Súsánà, ọmọ tí Ìbídùn fi sílẹ̀. Òun ló ń ránṣọ nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè. Màmá ló ń pè mí, gbogbo aṣọ ọdún mi òun ló ń rán an. Mo sọ fún un bí mo ṣe sọ fún ọ. Ó ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè, títí mo fi dé ibi omi. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló bèèrè?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Kí lẹ sọ fún un?"

Mo sọ ọ́, bó ṣe wà gan-an. Ó ní, "Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ìyá mi fẹ́ràn Ọlọ́run jù mí lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má kúnlẹ̀. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín, Màmá." Mo dìde. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó tún pè mí. Ó bi mí bóyá wọ́n ṣì ń sọ ìtàn náà. Mo ní wọ́n ń sọ ọ́ ní Boni, wọ́n sì fẹ́ fi mú ènìyàn gun òkúta. Ó ní, "Ẹ lọ sọ fún wọn." Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò dárí jì mí, n kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí.

Nítorí náà, lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, kí Bàbá Ìjọ tó dìde sọ ẹ̀rí rẹ̀, ìwọ dìde, ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Má fo ibì kankan. Má pè mí ní "obìnrin kan ní Savè". Sọ pé ìyá rẹ ni, kí o dárúkọ mi. Ojú á tì ọ́; jẹ́ kó tì ọ́, kò ní pa ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ti Ìbídùn ni ìdákẹ́ tèmi bá lọ, n kò sì ní jẹ́ kó tún bá ti ìyàwó rẹ lọ. Bí wọ́n bá sọ pé irọ́ ni, pé obìnrin náà kú nínú ẹ̀mí, sọ fún wọn pé ẹni tó pa irọ́ yẹn ṣì wà láàyè, pé ó ní òun máa gun ọ̀kadà zẹ́mì wá sí Boni lọ́jọ́ Ẹtì, òun á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà òkúta pẹ̀lú omi. Ẹni tó bá fẹ́ gòkè, kó kọ́kọ́ mu ún lójú mi.

Sọ fún wọn pé Ìbídùn kò fi ara rẹ̀ rúbọ. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kó mumi, kó lọ gbé ọmọ rẹ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ, tó ti pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.